Ebè Ojú Ọ̀nà Oko-Akarè

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ṣé ọ̀nà tó dára lè burú ju ọ̀nà tí kò dára lọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ọ̀nà Oko-Akarè ṣì kún fún kòtò, ojoojúmọ́ la fi ń bú u. Kẹ́ẹ̀gì epo ń dànù, aboyún ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ rìn. A bẹ̀bẹ̀, a gbàdúrà, katapílà sì dé. Ó ha ilẹ̀ pupa náà títí ó fi tẹ́jú bí ẹní. A jó lọ́jọ́ náà, èmi náà jó. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tó bá ti gun alùpùpù kò ti rántí mọ́ pé ènìyàn ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Tiwalọpẹ́ ń sùn. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Wọ́n ní egungun kò kán. Iwájú CEG, ilé ìwé girama wọn, ni alùpùpù ti gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní òdìkejì ibi tí mo ti ń ta bíìkì ìkọ̀wé àti ìwé. Mo gbọ́ ìró náà kí n tó gbójú sókè. Ọmọ ọmọ mi ni mo rí nílẹ̀.

Kàsímù oní-zẹ́mì, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló gbá a. Òun náà ló gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Ó wá lónìí pẹ̀lú iṣu, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò sì fẹ́ dìde.

"Dìde, Kàsímù. Iṣu rẹ ti wọlé, ìwọ ṣì wà níta."

"Ìyá Sọ̀fíyátù, mi ò sáré o. Bí gbogbo wa ṣe ń gùn ún náà ni mo gùn ún."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sunkún. Mo dúpẹ́ pé ó sunkún. Èyí tí mo dúpẹ́ fún jù ni èémí ọmọ tí mò ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àlàmísì, 9

Ghislain, ọkọ Sọ̀fíyátù ọmọ mi, dé láti Àjàṣẹ́. Àna rere ni. Ó yẹ orúnkún ọmọ rẹ̀ wò, ó jẹun, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó wá fọwọ́ nu ẹnu.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò wá bá yín jà."

"Mo mọ̀. Sọ ọ́."

"Lọ́dọ̀ wa, ẹlẹ́sẹ̀ ní ibi tó ń gbà. Níbí, ẹsẹ̀ ọmọ àti táyà jọ wà lójú kan náà ni. Tí ó bá di ìsinmi Kérésì, tí ọ̀nà yìí ṣì wà bó ṣe wà, mo máa mú un lọ. Mo ti bá Sọ̀fíyátù sọ ọ́, ó ní bí mo bá ṣe rí i ni."

Tiwalọpẹ́ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Mo ní mo ti gbọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òun ni bàbá rẹ̀, ohun tó sọ kò sì ṣàìbọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ yìí ni ó ti wà lọ́dọ̀ mi. Ṣé nítorí rẹ̀ ni mo fi fẹ́ kí ó dúró ni, àbí nítorí èmi fúnra mi? Mo ti bi ara mi léèrè láti ìrọ̀lẹ́. Mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n ti tọ́ rímù kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tòmátì wọ́n gan-an. Tí ilẹ̀ bá ti tutù, àwọn alùpùpù máa ń rọra, mo wá rí i pé mò ń gbàdúrà kí òjò má dá, nígbà tí àgbàdo àwọn ẹlòmíràn wà níta tí kò rí oòrùn. Kí Ọlọ́run má gba gbogbo àdúrà mi.

Àtàláátà, 14

Àwa òbí lọ sí mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, nítorí eré ojú ọ̀nà náà. Ọ̀dọ́bìnrin tó gbà wá kò parọ́ fún wa. Ó ní iṣẹ́ tí yóò dẹ́kun eré náà wà nínú ètò wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò parọ́.

Nígbà tí a padà dé, Bàbá Fáwùnmí ní ká dúró lọ́dọ̀ òun. Òun ló ń tọ́jú ojúbọ Ògún tó wà ní oríta, kí ènìyàn tó dé CEG. Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í kọjá, wọ́n á tún gùn ún. Àwọn alùpùpù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí katapílà fi dé.

"Mo rò pé Ògún ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ kí," ni Bàbá wí. "Kòtò ni wọ́n ń kí."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ó mú àbá wá: kí a so màrìwò kọjá lójú ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á pa ẹ̀rọ, á sọ̀ kalẹ̀, á ti alùpùpù rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa gbà. Èmi náà nawọ́ sókè. Ìyá Igbẹ́kọ̀yí, olórí àwọn obìnrin tó ń fún epo pupa, rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Lẹ́mọ́mù ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé o nawọ́."

"Lẹ́mọ́mù náà ní ọmọ nílé ìwé yẹn."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ohun tí ẹ̀rù lè ṣe nínú ọkàn ènìyàn àti ohun tí kò lè ṣe. Ìwé kankan kò sí lọ́kàn mi nígbà tí mo nawọ́. Orúnkún Tiwalọpẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Wọ́n so ó láàárọ̀. Màrìwò tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì di ti ewé tán. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, ìró rẹ̀ dà bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn oní-zẹ́mì sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ kan tó kó ẹyìn láti Oko-Akarè ṣí fìlà. Tiwalọpẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sùn dáadáa, nítorí náà mi ò ní púpọ̀ láti kọ.

Àlàrùba, 22

"Màmá, wọ́n ti gba ọ̀nà wa."

Bí Tiwalọpẹ́ ṣe sọ ọ́ nìyẹn bó ti wọlé, ewé ẹ̀gẹ́ wà nínú irun rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́ nítorí alùpùpù. Kì í ṣe lójú ọ̀nà ńlá o. Ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tó ń gba abẹ́ ọ̀pẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn obìnrin tó ru ẹyìn ń gbà láti ayébáyé.

Mo fi ojú ara mi lọ wò ó. Ipa táyà ti hú ilẹ̀ ibẹ̀. Èrò kò fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí oní-zẹ́mì tó láyà láti fi ẹ̀rọ kọjá lábẹ́ màrìwò. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ọn, wọ́n á yà sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n á la àárín àwọn ọmọ kọjá, wọ́n á sì jáde sójú títì lápá kejì.

Mo pe Kàsímù.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ ní ká má fi ẹ̀rọ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mi ò kọjá. Mo yà."

"O yà sórí ọmọ."

"Mo rọra."

"Bí gbogbo yín ṣe ń rọra náà ni?"

Ó lu ìjókòó ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Obìnrin tí mo gbé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, igbá wà lórí rẹ̀. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò sọ̀. Ṣé kí n bá Ògún jà ni, àbí kí n bá oníbàárà jà?"

Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ká ní ìlú tí kò bẹ̀rù nǹkan kan ni, wọn ì bá kàn máa sáré kọjá lábẹ́ màrìwò náà, àwọn ọmọ wa ì bá sì wà lálàáfíà ní ọ̀nà tiwọn. Ìbọ̀wọ̀ fún Ògún la fi gbé táyà lọ bá wọn. Èmi náà sì nawọ́ sí i.

Jímọ̀, 24

Ghislain pè. Mo sọ òtítọ́ fún un. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì dúpẹ́ pé kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Èmi àti Tiwalọpẹ́ ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ bi yín."

"Mo fẹ́ kí o wà láàyè."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

A bó ẹ̀gúsí náà tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

A pàdé lábẹ́ igi ọsàn nílé olórí abúlé. Àwọn oní-zẹ́mì náà wá, nítorí Ìyá Igbẹ́kọ̀yí ti kéde pé obìnrin elépo kankan kò ní gun alùpùpù wọn tí wọn kò bá wá. Bàbá Fáwùnmí fẹ́ já màrìwò náà. Ojú ń tì í. Ó ní òun ti mú Ògún wọ ohun tí Ògún kò rán òun.

Kàsímù dìde láti ẹ̀yìn. Bí ẹni tó fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ló ṣe sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn ibi tí ẹ fẹ́ ká gbà, ẹ wá ṣí ti ibi tí ẹ ò fẹ́ ká gbà sílẹ̀. Ta ló ń kọ́ ilé báyẹn?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Tún un sọ."

"Bàbá, eré ni mò ń ṣe."

"Mo ní kó o tún un sọ."

Ó tún un sọ, pẹ̀lú ohùn tó ti rẹlẹ̀. Bàbá yí ojú sí wa. Ó ní kí a tú màrìwò kúrò lójú títì, kí a so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, kí ẹ̀rọ kankan má wọ ibẹ̀ mọ́. Mo bi í bóyá Ògún á gbà kí wọ́n gbé òun kúrò ní títì lọ sí ọ̀nà obìnrin àti ọmọdé.

"Kí ọkọ̀ tó dé, Bíntù, kí ni Ògún fi ń rìn?"

Ẹlòmíràn béèrè ohun tí yóò wá máa dẹ́kun eré lójú títì fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ ebè sí i," ni Ìyá Igbẹ́kọ̀yí wí.

"Ebè kẹ̀? Iṣu wo lẹ fẹ́ gbìn sójú títì?" Kàsímù ni.

"Orúnkún rẹ ni a ó gbìn síbẹ̀, tó o bá sáré débẹ̀."

Olórí abúlé ránṣẹ́ sí mẹ́rì lójú ẹsẹ̀. Èsì dé kí oòrùn tó wọ̀: kí a ṣe é, kí a má jẹ́ kí ó ga jù, kí a to òkúta tí a kùn lẹ́fun síwájú rẹ̀ kí ènìyàn lè rí i láti òkèèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ara ń ro mí, inú mi sì dùn. Àwọn ọkùnrin wó òkìtì ọ̀gán, wọ́n fi ọmọlanke kó ilẹ̀ rẹ̀ wá. Àwọn elépo kó èèpo ekùrọ́ wá ní agbọ̀n agbọ̀n. A pò ó pọ̀ mọ́ omi, a tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà a jókòó tì í pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tí ìyá wa fi ń lu ilẹ̀ ilé, a lù ú títí ó fi ń dún bí igi. Mi ò tíì lu ilẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń fi símẹ́ńtì ṣe ilé. Ọwọ́ mi kò gbàgbé.

Ìjà wá sórí gíga rẹ̀. Àwọn òbí fẹ́ kí ó ga bí ebè iṣu tòótọ́. Ìyá Igbẹ́kọ̀yí kọ̀ jálẹ̀. "Epo ta ni yóò dà? Ẹ̀yin lẹ máa san án?" Ó wá bu omi kún garawa tí kò ní ìdérí, ó ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù Kàsímù.

Kàsímù kọ́kọ́ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi dà sí i lẹ́yìn títí dé ṣòkòtò.

"Ẹ wò ó, ó ti tọ̀ sára," ni àwọn obìnrin ń kígbe.

"Ìyá yín ló tọ̀ sára."

A fá orí ebè náà díẹ̀, ó tún wá. A tún fá a. Títí ó fi di pé bó bá rọra, ẹ̀kán omi kan kò ní bọ́. Bó bá sáré, á wẹ̀. Nígbà tó kẹ́yìn, kò sí ibi tó gbẹ lára rẹ̀, òun ló sì ń rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wa. A fi àlàfo sílẹ̀ létí fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. A kọ ọ̀kan ṣáájú CEG, a kọ ìkejì lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Fáwùnmí so màrìwò rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó tán, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rìn kọjá lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Ó ti gbẹ. Wọ́n ń rọra. Kò sí ipa táyà ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Àlàmísì, 20

Lóòótọ́ ni wọ́n ń rọra, ṣùgbọ́n wọ́n ń bú wa bí wọ́n ṣe ń rọra. Mo jókòó nídìí ìwé mi, mò ń gbọ́ èébú láti àárọ̀ di alẹ́. Kò sí orin tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Àlàrùba, 26

Ọkọ̀ ńlá kan tó kó ẹyìn tẹ ebè ìwájú fọ́. Ọkàn mi wó pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, bí ohun gbogbo tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ṣe máa ń parí. Mo kírun tán, mo gbé ọkọ́, mo dé ibẹ̀, mo bá Ìyá Igbẹ́kọ̀yí àti àwọn elépo lórí ìjókòó, wọ́n ti ń lù ú.

"O pẹ́," ló wí.

"Mo rò pé èmi nìkan ni mo máa wá."

"Ìwé tó ò ń kà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Bí màlúù bá tẹ ebè, ṣé a máa ń fi oko sílẹ̀ ni?"

Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Ètè ń là, eruku wọ inú gbogbo ìwé tí mò ń tà. Ọ̀dọ́bìnrin mẹ́rì wá wo iṣẹ́ wa. Ó gbé ọ̀dà funfun dání fún àwọn òkúta, òun fúnra rẹ̀ sì ká apá aṣọ sókè, ó bá wa kùn ún.

Mò ń bi ara mi léèrè: ta ló dáàbò bo àwọn ọmọ yìí? Bàbá Fáwùnmí kò ṣiyèméjì. Lẹ́mọ́mù, tó ti gbọ́ pé mo nawọ́, tí kò sì bínú, kò ṣiyèméjì pẹ̀lú. Ìyá Igbẹ́kọ̀yí á ní ilẹ̀ ọ̀gán ni. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Mo máa ń rò pé ẹni tí kò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè dúpẹ́ dáadáa. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ káàkiri, bí ẹni tó ń fún irúgbìn.

Jímọ̀, 12

Ghislain pè. Ó ń bọ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kò béèrè nípa ọ̀nà, èmi náà kò sọ. Tiwalọpẹ́ ti kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mo rí àpò náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi í síbẹ̀.

Jímọ̀, 19

Àwọn ọmọ gba ìsinmi lónìí. Ìdí ìwé mi ni mo wà nígbà tí mo rí alùpùpù kan tó ń bọ̀ nínú eruku pẹ̀lú eré. Mo mọ fìlà rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ó rí òkúta funfun, ó rí ebè. Mo rí i tó yí ọwọ́ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, bí gbogbo oní-zẹ́mì ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó bá màrìwò lẹ́nu rẹ̀.

Ghislain ń lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ó dúró pátápátá, ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ya jáde lábẹ́ ọ̀pẹ, wọ́n ń pariwo ìsinmi, wọ́n ń ti ara wọn, kò sí èyí tó wo ọ̀tún tàbí òsì. Tiwalọpẹ́ wà láàárín wọn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọjá níwájú táyà bàbá rẹ̀, ó súnmọ́ tó pé ó lè fọwọ́ kan án. Kò rí i. Ó ń sọ ìtàn kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣe àpèjúwe rẹ̀.

Ghislain kò pè é. Ó jókòó lórí alùpùpù rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá tán. Lẹ́yìn náà ó padà sójú títì, ó gun orí ebè náà bí ẹni tó gbé ẹyin.

Nílé, ó mu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màmá, ta ló kọ nǹkan yẹn?"

"Gbogbo wa."

"Tí òjò bá dé ńkọ́? Ilẹ̀ ni."

"Á wó. A ó tún un kọ. Ṣé ebè ọdún kan là ń jẹ títí ayé ni?"

Ó mi orí. "Eré ni mò ń sá bọ̀," ló wí. "Èmi gan-an." Ó ní tí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà fẹ́ dúró, kó dúró, ṣùgbọ́n kó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí òun sì máa gbọ́ bí ebè náà ṣe ń ṣe.

Nígbà tó lọ kí Kàsímù, ọmọ náà wá jókòó tì mí. Kò tún béèrè ohun tó bi mí nídìí ẹ̀gúsí. Èmi ni mo dáhùn rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí o dúró. Nítorí ara mi ni, kì í ṣe nítorí tìẹ nìkan."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó fa àpò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ìdajì aṣọ inú rẹ̀ padà sórí okùn.

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́

Mi ò sùn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dà mí láàmú. Àwọn méjèèjì ń sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ. Tí ọdún tuntun bá dé, ọ̀kan á padà.

Alùpùpù kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Oko-Akarè, bóyá elépo tó fẹ́ tètè dé ọjà. Mò ń gbọ́ ọ láti òkèèrè, ó ń ké kíkan. Mo di ìgbátí ilẹ̀kùn mú láìmọ̀. Ó súnmọ́ CEG. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó tún rẹlẹ̀ sí i. Ó gun ọ̀kan, ó sọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó gun ìkejì, ó sọ̀. Lẹ́yìn náà ó ń lọ jẹ́jẹ́, mo sì gbọ́ tí ẹni tó gùn ún bú wa.

Mo pa àtùpà.